Kí Ẹ Tó Da Yanrìn Sílẹ̀: Bí A Ṣe Ń Gba Ìfọwọ́sí Pláànù Ilé ní Òṣogbo

Bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń kọ́lé l'Óṣogbo nìyí: wọ́n á ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀, wọ́n á ní kí ẹnìkan bá wọn yàwòrán ilé, wọ́n á da yanrìn àti òkúta sílẹ̀, ìpìlẹ̀ á ti yọrí kí wọ́n tó rántí pé ìjọba ń bẹ. Ìgbà tí wọ́n bá fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sára ògiri ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sáré wá ẹni tó mọ ẹnìkan ní Abere, níbi tí sẹkitéríàtì ìjọba ìpínlẹ̀ wà. Owó tó ń ṣòfò lọ́nà báyìí pọ̀, àwọn tó sì ń pàdánù rẹ̀ kì í ṣe olówó ńlá. Owó ìfẹ̀yìntì ni, owó àjọ ni, owó tí ọmọ fi ránṣẹ́ láti òkè òkun ni.

Ètò tó tọ́ ni pé kí ilẹ̀ kọ́kọ́ sọ irú ilé tó lè gbà, kí irú ilé yẹn sọ pláànù tí ẹ máa yà, kí pláànù sì wá sọ ìwé tí ẹ máa kó jọ. Ẹni tó bá tẹ̀lé e bẹ́ẹ̀ kò ní sanwó ìyàwòrán lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó fẹ́ fi ilé pawó ni mo ní lọ́kàn jù bí mo ṣe ń kọ èyí: ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀ tí ayálégbé wà lókè, ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ilé ẹ̀kọ́, gbọ̀ngàn ayẹyẹ, tàbí ilé mélòó kan nínú ọgbà kan. Ẹni tó ń kọ́ ibi tí òun àti ẹbí rẹ̀ máa gbé náà á rí tirẹ̀ mú níbẹ̀.

Ìwé mẹ́ta tí wọ́n máa ń dà pọ̀

Sọ́fè, C of O àti pláànù tí ìjọba fọwọ́ sí, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Sọ́fè ń sọ ibi tí ilẹ̀ wà àti bó ṣe fẹ̀ tó. C of O ń sọ ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti lo ilẹ̀ náà lábẹ́ Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978, òfin tó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà. Pláànù tí a fọwọ́ sí ló ń sọ ohun tí ẹ lè kọ́ sórí ilẹ̀ yẹn. Ẹni tó ní C of O tó sì kọ́lé láìgba àṣẹ ìkọ́lé ṣì rú òfin. Bákan náà, ìfọwọ́sí pláànù kò sọ ẹnikẹ́ni di onílẹ̀. Ọ́fíìsì tó fọwọ́ sí i kò dá ẹjọ́ ilẹ̀ fún yín.

Òfin tó dá ètò àṣẹ ìkọ́lé sílẹ̀ ní Nàìjíríà ni òfin ìfètò-sí-ìlú ti ọdún 1992, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 88. Ní ọdún 2003, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ nínú ẹjọ́ tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó pe ìjọba àpapọ̀ pé ọ̀rọ̀ ètò ìlú, ọwọ́ ìpínlẹ̀ ló wà. Nítorí náà, iléeṣẹ́ ìjọba Ọ̀ṣun tó ń mójú tó ilẹ̀ àti ètò ìlú, tí ó wà ní sẹkitéríàtì Abere, pẹ̀lú àwọn ọ́fíìsì Town Planning tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ni ẹ máa bá pàdé.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ìjọba ìbílẹ̀ tí ilẹ̀ bọ́ sí

Èyí dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n ó ti dá fáìlì púpọ̀ dúró. Ìlú Òṣogbo pín sí ìjọba ìbílẹ̀ méjì, Òṣogbo tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Òkè-Baálẹ̀, àti Ọlọ́rundá tí tirẹ̀ wà ní Ìgbọ́nà. Ìlú sì ti fẹ̀ kọjá àwọn méjèèjì. Ilẹ̀ Ọ̀fàtẹ̀dó, Òkìnnì àti Ìdó-Ọ̀ṣun tí àwọn tó ń tà á ń pè ní "Òṣogbo" wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dọrẹ, tí olú rẹ̀ wà ní Awó. Abere fúnra rẹ̀, níbi tí sẹkitéríàtì wà, inú ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Ẹdẹ ló wà. Ọ́fíìsì Town Planning tó kàn yín, ibi tí ilẹ̀ wà ló ń sọ ọ́, kì í ṣe àdírẹ́sì tí ẹni tó ta ilẹ̀ pè é. Ẹ béèrè ní kedere, kí ẹ sì rí i pé orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ tó wà lórí sọ́fè bá ti ojú ilẹ̀ mu.

Ẹ yẹ ilẹ̀ wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín

Sọ́fè tí mò ń sọ kì í ṣe èyí tí àwọn ọmọ onílẹ̀ fi okùn wọ̀n. Awọnlẹ̀ tí SURCON, àjọ tó ń darí iṣẹ́ àwọn awọnlẹ̀, fún ní ìwé àṣẹ ló gbọ́dọ̀ ṣe é, kó ní nọ́ńbà òkúta sọ́fè ní igun kọ̀ọ̀kan, kó ní kọ-ọ́dínéètì, ìyẹn nọ́ńbà tó ń tọ́ka ibi tí ilẹ̀ wà gan-an, kí ẹ̀dà kan sì ti dé ọ́fíìsì Surveyor-General ìpínlẹ̀. Ẹ mú un lọ sójú ilẹ̀, kí ẹ fojú ara yín rí òkúta náà, kí ẹ ka nọ́ńbà ara rẹ̀ sí ti inú ìwé. Òkúta tó bá ti kúrò níbi tí wọ́n rì í mọ́ lè mú kí ilé yín wọ ilẹ̀ ẹlòmíì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fẹ́ jalè.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ mú ẹ̀dà sọ́fè lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General kí wọ́n gbé e lé àwòrán ìjọba. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti rí i bóyá ilẹ̀ náà wà nínú èyí tí ìjọba ti gbà, bóyá títì tí wọ́n ń gbèrò máa gba orí rẹ̀ kọjá, tàbí bóyá sọ́fè ẹlòmíì ti jókòó síbẹ̀. Owó iṣẹ́ yìí kéré jọjọ sí owó ilẹ̀. Bí ó bá ṣe pé ọwọ́ mi ni, ẹnikẹ́ni ò ní san kọ́bọ̀ lórí ilẹ̀ l'Óṣogbo kí èsì àyẹ̀wò yìí tó jáde, pàápàá ní apá Ìdó-Ọ̀ṣun níbi tí pápá ọkọ̀ òfurufú wà.

Bí ìwé ilẹ̀ bá ti pẹ́, orúkọ ìpínlẹ̀ míì lè wà lórí rẹ̀. Ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991 ni wọ́n yọ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́, nítorí náà sọ́fè tó ṣáájú ọjọ́ yẹn á jẹ́ orúkọ Ọ̀yọ́. Èyí kì í ṣe àbùkù. Ẹ kàn ní kí awọnlẹ̀ tún ilẹ̀ náà wọ̀n, kó sì gbé e sí orí kọ-ọ́dínéètì tí wọ́n ń lò báyìí, nítorí ilẹ̀ tó fẹ̀ lórí ìwé àtijọ́ lè ti dín kù lójú ilẹ̀.

Ìwé nìkan ò tó. Àwọn nǹkan kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ rìn lọ wò.

Wáyà iná ni mo fi ṣáájú, nítorí Òṣogbo ni National Control Centre wà, níbi tí wọ́n ti ń darí iná mànàmáná gbogbo orílẹ̀-èdè. Wáyà háì tẹ́ńṣọ̀n ń ti ọ̀nà púpọ̀ wọ ìlú wa. Ìlà 330kV (kV ni wọ́n fi ń wọn agbára iná tó ń gba inú wáyà kọjá) fẹ́ àyè mítà 50, ìyẹn 25 sọ́tùn-ún àti 25 sósì láti àárín ìlà. 132kV fẹ́ mítà 30. Ilẹ̀ tó wà lábẹ́ wọn máa ń pọ́ọ́kú, àwọn tó ń tà á á sì fi ilé tí ẹlòmíì ti kọ́ síbẹ̀ hàn yín. Ilé yẹn kò ní ìfọwọ́sí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí bí ẹ ṣe lè gbà á. Ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n láti àárín ìlà, kì í ṣe láti ẹsẹ̀ òpó irin.

Omi ló tẹ̀lé e. Ilẹ̀ tó sún mọ́ odò Ọ̀ṣun, Gbódòfọn tàbí àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn wọ inú wọn, ẹ lọ wò ó nígbà òjò. Ẹ wo ara ògiri àwọn ilé tó wà nítòsí, ibi tí omi dé máa ń fi àpá sílẹ̀. Ẹ bá àwọn ìyá tó ń tajà níwájú ilé wọn sọ̀rọ̀, wọ́n á sọ fún yín ibi tí omi gbà kọjá ju bí aṣojú tó ń ta ilẹ̀ ṣe lè sọ ọ́ lọ. Town Planning ló máa sọ iye mítà tí ẹ gbọ́dọ̀ fi jìnnà sí etí odò, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé.

Igbó Ọ̀ṣun ní tirẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀. UNESCO fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ogún àgbáyé ní ọdún 2005. Hẹ́kítà 75 ni igbó náà, wọ́n sì ya hẹ́kítà 47 míì sọ́tọ̀ yí i ká láti dáàbò bò ó. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àti àwọn ibi ìrántí ni igbó náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ra ilẹ̀ ní àyíká yẹn gbọ́dọ̀ mọ̀ pé kì í ṣe Town Planning nìkan ni òun máa bá sọ̀rọ̀, kódà bí ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bá ti pé 30 ọdún. Mo fẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí àwọn baba wa fi lé wa lọ́wọ́ nìyẹn, ilé ayálégbé kò sì gbọ́dọ̀ rọ́ ọ lọ.

Ilẹ̀ rélùwéè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, ti iléeṣẹ́ rélùwéè ni, àwọn ọmọ onílẹ̀ kò ní i láti tà. Títì ìjọba àpapọ̀ sì ń fẹ́ nǹkan bíi mítà 45 láti àárín títì sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀ etí títì tó wọ́n jù lè jẹ́ èyí tí ẹ kò ní lè kọ́ nǹkan kan sí ìdajì rẹ̀.

Kí ni wọ́n ya àdúgbò náà sọ́tọ̀ fún?

Gbogbo ìlú ló ní bí wọ́n ṣe pín ìlò ilẹ̀ rẹ̀: ibi ìgbé, ibi òwò, ibi iléeṣẹ́ ńlá, ibi ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn, ilẹ̀ oko, àti àyè tí wọn ò gbọ́dọ̀ kọ́ nǹkan sí. Fún Òṣogbo àti agbègbè rẹ̀, UN-Habitat bá ìjọba ìpínlẹ̀ ṣe ètò ìdàgbàsókè kan tó bẹ̀rẹ̀ láti 2014 títí di 2033. Ẹ̀tọ́ yín ni láti béèrè ohun tí ètò ìlú sọ nípa ibi tí ilẹ̀ yín wà.

Ẹ mú ẹ̀dà sọ́fè lọ bá Town Planning kí akitẹ́ẹ̀tì tó fa ìlà kan. Ẹ bi wọ́n pé: irú ìlò wo ni wọ́n yàn fún àdúgbò yìí? Àjà mélòó ni ilé lè ní níbẹ̀? Mítà mélòó ni sẹ́tíbáàkì, ìyẹn àyè tí ẹ gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ láàárín ilé àti ààlà, níwájú, lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́? Ìdá mélòó nínú ilẹ̀ ni ilé lè bò? Ẹ kọ lẹ́tà, kí ẹ sì gba èsì ní lẹ́tà. Ohun tí òṣìṣẹ́ kan fi ẹnu sọ fún yín lónìí, ẹni tó máa jókòó sórí àga rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ kò gbọ́ ọ.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbí ni kí ènìyàn fi ohun tó rí ládùúgbò ṣe ẹ̀rí. Ẹ lè rí i ní Aléékúwódò tàbí ní Òkèfìà pé ilé ìgbé ti di ṣọ́ọ̀bù láti òpin kan dé èkejì, kí ẹ wá rò pé ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò tó wà lẹ́yìn títì. Àwọn kan nínú ilé wọ̀nyẹn gba àṣẹ àyípadà ìlò, àwọn kan kò gbà á, ara ògiri kò sì lè sọ èyí tó gbà fún yín. Bí ẹ bá fẹ́ sọ ilé ìgbé di ilé ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn, ilé ìjọsìn tàbí gbọ̀ngàn ayẹyẹ, àṣẹ àyípadà ìlò ni ẹ máa kọ́kọ́ bèèrè, ọ̀tọ̀ sí ìfọwọ́sí pláànù. Ohun tí wọ́n máa yẹ̀ wò ni ariwo, ibi ìgbọ́kọ̀sí, ìdọ̀tí, àti ohun tí àwọn aládùúgbò bá sọ. Ẹ lọ bá àwọn aládùúgbò yín sọ̀rọ̀ fúnra yín kí lẹ́tà ìjọba tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ lọ kí baálé àdúgbò, ẹ lọ bá ẹgbẹ́ onílé níbi ìpàdé wọn, kí ẹ ṣàlàyé ohun tí ẹ fẹ́ ṣe. Ẹni tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún kì í sábà kọ ìwé ẹ̀sùn.

Ilé epo ní òfin tirẹ̀. Yàtọ̀ sí Town Planning, NMDPRA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó títa epo, tí òfin epo rọ̀bì ti ọdún 2021 dá sílẹ̀, ló máa yẹ ibẹ̀ wò, iléeṣẹ́ panápaná náà á sì sọ tiwọn. Ẹ má ra ilẹ̀ fún ilé epo kí ẹ tó bá wọn sọ̀rọ̀.

Bí ilẹ̀ bá tóbi

Bí mọ̀lẹ́bí kan bá fẹ́ pín ilẹ̀ sí plọ́ọ̀tì, tàbí bí ẹ bá fẹ́ kọ́ ilé púpọ̀ fún títà, pláànù ilé kọ̀ọ̀kan kò tó. Léàútì ni ẹ máa kọ́kọ́ gba ìfọwọ́sí fún: bí ọ̀nà ṣe máa lọ, bó ṣe máa fẹ̀ tó, ibi tí omi máa gbà, ibi tí àwọn ọmọdé máa ti ṣeré. Ẹni tí TOPREC, àjọ tó ń darí iṣẹ́ àwọn olùfètò-sí-ìlú, fún ní ìwé àṣẹ ló gbọ́dọ̀ yà á. Ó máa ń dun àwọn onílẹ̀ láti fi plọ́ọ̀tì méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀ fún ọ̀nà, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ọkọ̀ panápaná kò lè wọ̀ ń dín iye gbogbo plọ́ọ̀tì yòókù kù. Lábẹ́ òfin 1992, ilẹ̀ ibùgbé tó bá ju hẹ́kítà 2 lọ, ilé ọ́fíìsì tó bá ju àjà mẹ́rin tàbí 5,000 mítà onígun mẹ́rin lọ, àti iléeṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ kọ́ tàbí fẹ̀, gbọ́dọ̀ ní ìwé àyẹ̀wò ipa tí iṣẹ́ náà máa ní lórí àyíká. Ẹ fi owó rẹ̀ sínú ìṣirò láti ìbẹ̀rẹ̀.

Pláànù sáìtì: ibi tí wọ́n ti ń dá fáìlì padà jù

Pláànù sáìtì ni àwòrán tó fi gbogbo ilẹ̀ hàn láti òkè: ààlà pẹ̀lú nọ́ńbà òkúta, apá àríwá, títì àti fífẹ̀ rẹ̀, ilé yín, ilé àwọn aládùúgbò, ibi ìgbọ́kọ̀sí, kànga, sókàwéè, gọ́tà, òpó iná, fẹ́ǹsì àti géètì. Àwọn kan ń ra pláànù ilé tí wọ́n ti yà tẹ́lẹ̀ lórí WhatsApp, wọ́n á wá gbìyànjú láti tì í wọ inú ilẹ̀ wọn. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò, kí ẹ lè rí ìdí tí kì í fi í bọ́ sí i.

Plọ́ọ̀tì kan sábà máa ń jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 ní fífẹ̀ àti 100 ní gígùn. Bí a bá sọ ọ́ di mítà, 15.24 sí 30.48 ni, nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 464. Ká ní wọ́n ní kí ẹ fi mítà 6 sílẹ̀ níwájú, 3 lẹ́yìn, àti 3 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ohun tó kù fún ilé ni 9.24 sí 21.48, nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 198. Kò tó ìdajì. Nọ́ńbà tí ọ́fíìsì bá fún yín lè yàtọ̀ sí èyí, ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe máa ṣírò ó nìyẹn, inú 198 yẹn sì ni àtẹ̀gùn, ògiri àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà. Bákónì (balcony) tó yọ síta kọjá sẹ́tíbáàkì náà, wọ́n máa ń kà á.

Ọ̀rọ̀ kànga àti sókàwéè ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí, nítorí ìlera ni, kì í ṣe ìwé lásán. Àlàfo mítà 30 ni wọ́n sábà máa ń gbà wá níyànjú kó wà láàárín borehole àti sókàwéè. Lórí plọ́ọ̀tì tí mo ṣírò yìí, láti igun kan dé igun tó kọjú sí i gan-an, mítà 34 péré ni. Ìyẹn ni pé igun méjì tó jìnnà síra jù nìkan ni wọ́n lè wà, kódà bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, sókàwéè aládùúgbò lè wà ní mítà 5 sí kànga yín lódìkejì fẹ́ǹsì. Nítorí náà, ẹ ní kí ẹni tó ń ya pláànù wo òdìkejì fẹ́ǹsì, kó fi sókàwéè àti kànga àwọn aládùúgbò sínú àwòrán. Bí àyè kò bá gbà á, ẹ bá aládùúgbò sọ̀rọ̀ kí ẹ jọ lo borehole kan, tàbí kí ẹ béèrè bóyá omi ìjọba dé àdúgbò náà. Àìsàn tí omi ẹlẹ́gbin ń fà kò mọ ẹni tó ní pláànù tí a fọwọ́ sí.

Ibi ìgbọ́kọ̀sí ló ń pa pláànù ṣọ́ọ̀bù. Ọkọ̀ kan nílò nǹkan bíi mítà 2.5 ní fífẹ̀ àti 5 ní gígùn. Iwájú ilẹ̀ tó fẹ̀ tó mítà 15 gba ọkọ̀ 6, bí ẹ bá sì yọ ẹnu géètì kúrò, ó kù 4. Bí ẹ bá ní ṣọ́ọ̀bù 6 nísàlẹ̀ àti ayálégbé 4 lókè, òṣìṣẹ́ Town Planning á bi yín ibi tí àwọn oníbàárà máa gbé ọkọ̀ wọn sí. Ìdáhùn tí wọn ò fẹ́ gbọ́ ni "etí títì". Ẹ dín ṣọ́ọ̀bù kù, tàbí kí ẹ sún ilé sẹ́yìn.

Omi òjò gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà tó máa gbà dé gọ́tà ìjọba láìkọjá nínú ọgbà ẹlòmíì. Ẹ fi ọfà hàn án nínú àwòrán.

Àwọn ìwé tí ẹ máa kó jọ

Àwòrán ilé láti ọwọ́ akitẹ́ẹ̀tì tí ARCON, àjọ àwọn akitẹ́ẹ̀tì, mọ̀, àwòrán irin àti kọnkéré láti ọwọ́ ẹnjiníà tí COREN, àjọ àwọn ẹnjiníà, mọ̀, pẹ̀lú òǹtẹ̀ àti ìbuwọ́lùwé wọn. Fún ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọ́n sábà máa ń béèrè lẹ́tà tí ẹnjiníà fi gbà láti bójú tó iṣẹ́ náà, ìṣirò rẹ̀, àti àyẹ̀wò ilẹ̀ bí ilé bá ga tàbí tí ilẹ̀ bá jẹ́ àbàtà. Ẹ fi ẹ̀dà sọ́fè, ìwé ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ àti ìwé ẹ̀rí owó orí kún un. Ọ̀pọ̀ ẹ̀dà àwòrán ni wọ́n máa ń gbà, ẹ béèrè iye rẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ẹ pe ẹnjiníà yẹn fúnra yín. Òǹtẹ̀ tí wọ́n yá lò wà nígboro, ẹni tó ni ín sì lè má mọ̀ pé ilé yín wà láyé. Bí ilé bá ń sán, ẹ kò ní rí ẹni tí ẹ máa pè.

Lẹ́yìn tí fáìlì bá wọlé

Ẹ gba ẹ̀dà lẹ́tà yín tí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sí. Wọ́n á ṣírò owó lórí bí ilé ṣe tóbi tó àti ìlò rẹ̀, inú àpò ìjọba ni ẹ máa san án sí, ẹ ó sì gba rìsíìtì. Ẹni tó bá ní kí ẹ fi owó ìjọba ránṣẹ́ sí àkáǹtì òun, ẹ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ní òun á bá yín gba ìfọwọ́sí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wá wo ilẹ̀, nítorí àbẹ̀wò sí ojú ilẹ̀ wà nínú iṣẹ́ náà. Ní ọjọ́ àbẹ̀wò, kí awọnlẹ̀ tàbí ẹni tó ya pláànù wà pẹ̀lú yín, kí àwọn òkúta sọ́fè sì hàn gbangba, kó má jẹ́ pé koríko bò wọ́n.

Bí wọ́n bá fi lẹ́tà àtúnṣe ránṣẹ́, ẹ má bínú. Ẹ dá wọn lóhùn ní ìkọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà sí nọ́ńbà, nínú lẹ́tà tuntun, kí ẹ sì tún àwòrán ṣe. Bí wọ́n bá kọ̀ pátápátá, ẹ béèrè ìdí rẹ̀ nínú ìwé. Òfin fún yín láyè láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ìgbà òjò ni mo fẹ́ràn kí ènìyàn fi ṣe gbogbo iṣẹ́ ìwé yìí. Ẹ ó rí ìwà omi lórí ilẹ̀ náà, ìfọwọ́sí á sì ti ṣeé ṣe kó wà nílẹ̀ nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé tí iṣẹ́ ìpìlẹ̀ rọrùn.

Bí ìwé bá jáde, ẹ mú nọ́ńbà rẹ̀ padà sí ọ́fíìsì kí wọ́n bá yín rí i nínú ìwé àkọsílẹ̀ wọn. Ẹ tún ka àwọn àdéhùn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Àṣẹ ìkọ́lé kì í wà títí láé: òfin 1992 fún yín ní ọdún 2 láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀ ẹ máa sọ ọ́ dọ̀tun.

Nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ, ẹ pe Town Planning nígbà tí wọ́n bá ń fa ìlà sílẹ̀, nígbà ìpìlẹ̀, nígbà tí wọ́n bá fẹ́ da dẹ́kì, àti nígbà òrùlé. Ẹ̀dà pláànù tí a fọwọ́ sí gbọ́dọ̀ wà lójú sáìtì, kí bíríkìlà máa tẹ̀lé e. Bí ẹ bá fẹ́ fi àjà kan kún un láàárín, ẹ dúró, kí ẹ gba àṣẹ tuntun, nítorí ìpìlẹ̀ tí ẹnjiníà ṣírò fún àjà méjì kò mọ̀ pé ẹ ti yí ọkàn padà.

Fún ẹni tó ti kọ́lé tán láìgba àṣẹ, ọ̀nà ṣì wà ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ẹ ní kí wọ́n ya ilé náà bó ṣe wà gan-an, kí ẹnjiníà yẹ agbára rẹ̀ wò, kí ẹ sì lọ fúnra yín kí wọ́n tó wá bá yín. Ẹ máa san owó ìtanràn, ṣùgbọ́n ẹ máa bọ́. Èyí tó wà lábẹ́ háì tẹ́ńṣọ̀n, lójú odò tàbí lórí ilẹ̀ títì kò sí nínú èyí tí mò ń sọ.

Bí ilé bá parí, ẹ bèèrè fún àyẹ̀wò ìkẹyìn àti ìwé ẹ̀rí pé ilé náà ṣeé gbé kí ayálégbé kankan tó kó wọlé. Báńkì máa ń béèrè fún un, ẹni tó bá fẹ́ ra ilé lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ iwájú náà á béèrè. Ẹ ya fọ́tò gbogbo ìwé náà, kí ẹ fi ẹ̀dà kan síbòmíì tó yàtọ̀ sí inú ilé yẹn, kí ẹ sì fi ibi tó wà han ẹnìkan nínú ọmọ yín.